Èédú Tí Kò Sí Nínú Ìràwọ̀ Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Jẹ́jẹ́, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá, fún mi láyè lórí ẹ̀rọ lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Tí oṣù kẹrin bá ti parí, wọ́n máa tú kọ̀ǹpútà ńlá náà palẹ̀ kí wọ́n tó gbé tuntun wọlé. Ohun tí mi ò bá tíì parí nígbà náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. "Jẹ́jẹ́ o," ló ń wí bó ṣe ń kọ orúkọ mi sílẹ̀. Bó ṣe máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn, òun náà la fi ń pè é.

Mo pe Bàbá lórí fóònù pé Arúgbó, ìràwọ̀ wọn, ló kàn. Ẹ̀rín pa wọ́n.

"Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọn ohun tó wà nínú ìràwọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sè é!"

"Bàbá, a ò sè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ń hó."

"Tèmi ò hó. Tèmi dúró jẹ́ẹ́, ó tò ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Nígbà tiwọn, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣírò gáàsì tó ń ru sókè tó sì tún ń rì padà, ni wọ́n bá fi ìràwọ̀ tó dúró sójú kan ṣe ìṣirò. Ohun tí wọ́n rí ni pé irin ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú Arúgbó, àmì pé ó ti pẹ́ láyé ju oòrùn wa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kábọ́nù inú rẹ̀ pọ̀ tó ìlọ́po ogún ohun tó yẹ kó ní. Èédú ni Bàbá ń pè é. Orí èédú yẹn ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ gbogbo ayé wọn lé. Ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ku orí kan, wọ́n sì ti fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún iye tí èmi máa rí.

"Tètè ṣe é, Àbíkẹ́yìn. Mi ò lọ́jọ́ púpọ̀ lọ́wọ́."

Mo ní kí wọ́n yé sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 6

Ìṣirò dákú lẹ́ẹ̀mẹta. Gáàsì kan ní igun òsì lókè tutù débi tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí, ẹ̀rọ bá kọ̀. Ooru mú lónìí tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ mi lẹ̀ mọ́ àga. Orí ń fọ́ mi.

Àbámẹ́ta, 9

Mo lọ kí wọn nílé. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri bó ṣe yẹ. Màmá ń ka oògùn sínú ìdérí ìgò, wọ́n ń fi ìka kan tì í lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Kí lẹ̀yin méjèèjì tiẹ̀ ń wá nínú ìràwọ̀ yìí?" Màmá ló bèèrè. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, mi ò tíì rí èédú kankan tí wọ́n gbé wálé."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí a bá tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀, a máa rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín nínú rẹ̀, àti pé nǹkan kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìràwọ̀ ló ní ìlà tirẹ̀. Bí ìlà náà bá ṣe dúdú tó la fi ń mọ bí nǹkan náà ṣe pọ̀ tó.

"Ìyẹn ni pé bí mo ṣe ń wo àwọ̀ tíì kí n tó mọ̀ bóyá ó ti le jù."

Bàbá kọjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n la bá nílé, a ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án pẹ̀lú oògùn tuntun láti ṣọ́ọ̀bù wọn. Apòògùn ni wọ́n, orí kíkà oògùn Bàbá ni ìjà àwọn àti Màmá máa ń wà. Lónìí wọn ò jà. Gbogbo wa jókòó pọ̀, a ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ó ń lọ! Mo dín ìṣísẹ̀ àkókò kù kí ẹ̀rọ lè máa ṣírò díẹ̀díẹ̀, mo sì tún fi ìpele méjì kún òkè. Láti ọjọ́ Ajé, kò dákú mọ́. Mo jókòó ti ojú kọ̀ǹpútà, mò ń wo àwọn ìhó tó ń yọ, tó ń fẹ̀, tó ń fọ́. A lè to ayé wa mẹ́wàá sórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kó má sì kún. Àárín wọn mọ́lẹ̀ kedere, etí wọn ṣókùnkùn níbi tí gáàsì tó ti tutù ń rì gbà padà. Jẹ́jẹ́ wá yọjú wò ó, ó dúró títí, ó ní ó dà bí ẹni pé nǹkan náà ń mí.

Ẹtì, 15

Ó ṣì ń hó.

Ọjọ́rú, 20



Òkè Arúgbó tutù ju ti ìṣirò Bàbá lọ. Kì í ṣe díẹ̀, ẹgbẹ̀rin díigírì ni. Mo rò pé àṣìṣe ni, mo wá a títí, mi ò rí i. Nígbà tó yá, ó wá yé mi, ìgbà tó yé mi ló wá burú. Gáàsì tó bá ń ru sókè a máa fẹ̀, bó bá ṣe ń fẹ̀ ni yóò máa tutù. Nínú ìràwọ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, irin a gba ìmọ́lẹ̀ mú, gáàsì á sì gbóná padà. Nínú Arúgbó, kò sí ohun tó máa gbà á mú. Òtútù ló wà lókè níbẹ̀ gan-an. Níbi tó bá sì tutù báyẹn, kábọ́nù díẹ̀ tó wà á dì mọ́ háídrójìn, ìlà wọn á sì dúdú kirikiri bí ẹni pé kábọ́nù pọ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òtútù ló ń ṣe gbogbo ohun tí Bàbá rí. Mi ò tíì ṣírò ìlà. Mi ò fẹ́ ṣírò ìlà.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Mo ti ṣírò rẹ̀. Ìlọ́po méjì. Bàbá ní ogún, èmi rí méjì. Méjì ò já mọ́ nǹkan kan, ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀run bí erùpẹ̀.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yí gbogbo ohun tó ṣeé yí padà. Méjì. Méjì. Méjì lé díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni mo sọ fún. Lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé ó pọn dandan kí wọ́n mọ̀? Ọkàn tí wọ́n ní ò gbé ìrìn láti yàrá dé ilé ìwẹ̀. Ìyẹn lo fẹ́ gbé eléyìí lé?"



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo purọ́ fún bàbá mi.

Wọ́n rọ̀gbọ̀kú sórí àga gígùn, ìwé wọn wà lórí itan wọn, pẹ́ńsù ti wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn ń dán. "Ó yá, iye mélòó?"

Mo ní, "Ó bá tiyín mu, Bàbá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà."

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ bíi mélòó?"

"Bíi méjìdínlógún."

Wọ́n kọ ọ́. Mo rí i tí wọ́n ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, "Báwo ni òkè rẹ̀ ṣe tutù sí?"

Irọ́ kan péré ni mo múra sílẹ̀ fún. Kí n tó ronú, mo ti sọ òótọ́: ẹgbẹ̀rin díigírì ju tiyín lọ.

Bàbá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Mo mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò lọ́kàn, ètè wọn a máa mì díẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó gba èmi lọ́jọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀rọ, kò gba àwọn ní ìṣẹ́jú kan.

"Àbíkẹ́yìn. Kò lè jẹ́ méjìdínlógún."



"Máa lọ ilé rẹ," wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ẹtì, 29

Wọn ò gbé fóònù. Màmá ló gbé e: "Wọ́n ní àwọn ń sùn." Mo gbọ́ ikọ́ wọn lẹ́yìn. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, mi ò jáde.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹrin

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé èébú ló ń bọ̀. Èébú ì bá sàn.

"Jókòó," ni Bàbá wí. "Ìṣirò tó wó, kò pa mí. Mo ti rí ìṣirò tó wó. Pé o wojú mi tó o purọ́, ìyẹn ni mi ò rí oorun sùn lé lórí. Àwọn tó ti ń kú ni wọ́n máa ń purọ́ fún báyẹn. Ṣé mo ti di ọ̀kan lára wọn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá."

"Mi ò bínú. Ṣèlérí fún mi. Ìgbàkígbà tí mo bá bi ọ́ ní ohun tó wà nínú ìràwọ̀ yẹn, bó o ti rí i gan-an ni kó o sọ ọ́. Kódà tí mo bá wà lórí ibùsùn ikú. Kódà tí màmá rẹ bá ní kó o má sọ."

Mo ṣèlérí. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ọwọ́ wọn mú, mo ṣe é.

"Ó yá. Mélòó?"

"Méjì."

Wọ́n sunkún. Mi ò rí bàbá mi kí wọ́n sunkún rí, kódà nígbà tí ìyá wọn kú. Kò lé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní kí n gbé ìwé wọn wá, wọ́n sì fi rúlà àti pẹ́ńsù fa ìlà láti fagi lé ojú ewé mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára, kí ìlà náà lè gún.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Àárọ̀ yìí ni Bàbá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọpọlọ wọn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé. Ilé ìwòsàn la wà láti agogo mẹ́jọ. Mi ò lè kọ ju báyìí lọ.

Ẹtì, 12

Ọ̀rọ̀ ti ń yọ lẹ́nu wọn padà. Wọ́n mọ gbogbo wa. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ti jẹun, wọ́n ní ó rù jù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ṣáá.

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Àbíkẹ́yìn, ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Èédú Arúgbó mélòó lo rí?"

Mo rò pé eré ni. Mo wo ojú wọn, ojú náà ń dán bíi ti ọjọ́ tí mo purọ́. Gbogbo oṣù tó kọjá ti pa rẹ́ lọ́kàn wọn: irọ́ mi, ẹkún wọn, ojú ewé mọ́kànlá. Wọ́n ṣì ń dúró de iye.

Mo wo Màmá. Màmá gbọn orí sí mi pé rárá.

Mo sọ fún wọn pé méjì ni.

Ẹkún náà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, àfi pé apá kan ojú wọn ò lè sunkún mọ́.

Àbámẹ́ta, 13

Wọ́n tún bi mí. Mo tún sọ fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ẹ̀gbọ́n fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. "Ojoojúmọ́ lò ń bá wọn sọ̀rọ̀ òfò kan náà. Ojoojúmọ́! Lójú wọn, tuntun ni nígbà gbogbo. Kí ló dé tí o ò lè sọ pé ogún, kí wọ́n sùn? Lọ́la wọ́n á ti gbàgbé ìyẹn náà."

"Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Wọn ò rántí ìlérí kankan!"

"Èmi rántí."

Wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Màmá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà náà, wọ́n jáde wá, wọn ò pariwo. "Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń nu ojú wọn tí o bá ti lọ."

Ìyẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ lọ.

Ẹtì, 19

Ẹ̀ẹ̀kẹjọ. Lónìí Bàbá ò sunkún, ìjà ni wọ́n gbé. "Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta kúrò lára gáàsì láìjẹ́ pé gáàsì gbà á, ṣé o kà á sọ́tọ̀? Àbí o kàn dà á pọ̀ mọ́ èyí tó gbà?"

Mi ò kà á sọ́tọ̀. Mo sáré padà sí yàrá ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Jẹ́jẹ́ sún àwọn kan sẹ́yìn lórí ìlà fún mi láìbi mí ní ohun kan. Àdúrà ni mò ń gbà bí iye ṣe ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mò ń bẹ ìràwọ̀.

Méjì àbọ̀.

Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Ó tún iṣẹ́ mi ṣe, kò gba tiwọn là.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí. Mo ti pinnu láti sọ pé ogún. Mo tiẹ̀ ti ń wí i lábẹ́ ẹnu: ogún, Bàbá, ogún géérégé.

Mo wọlé. Wọ́n bi mí. Mo ní méjì àbọ̀.

Wọ́n wá ní, "Ta ló rí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì wá ọwọ́ mi lórí aṣọ ibùsùn títí wọ́n fi rí i. "Ọpẹ́ ni pé ìta kọ́ ni wọ́n ti wá wó o." Nígbà náà ni omi wá bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Màmá rí i. Màmá gbé aṣọ ìnujú lé mi lọ́wọ́, pé kí èmi ṣe é lónìí.

Mo nu ojú bàbá mi. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n tún ti gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo fi àpilẹ̀kọ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde lágogo mẹ́ta ọ̀sán. Orúkọ méjì ló wà lórí rẹ̀, tèmi àti ti Bàbá. Nínú ìpínrọ̀ kejì mo kọ ọ́ pé iye tí a wọ̀n ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn kò dúró mọ́, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Gbólóhùn yẹn gùn ní ìlà méjì, odindi àárọ̀ ni mo fi kọ ọ́. Jẹ́jẹ́ ní, "O kú iṣẹ́." Mo kàn mi orí. Ẹ̀gbọ́n ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Wọ́n ti gbé Bàbá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn rọra ń ràn. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n wọn, wọ́n mọ́ tónítóní. Mo kí wọn, mo jókòó, mò ń dúró de ìbéèrè wọn.

Wọ́n bi mí bóyá òjò máa rọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n wo ẹyẹ kan lórí wáyà iná fún ìgbà pípẹ́. Agogo mọ́kànlá lù, agogo méjìlá lù. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú. Nígbà tó yá, ara mi ò gbà á mọ́.

"Bàbá, ẹ ò bi mí nípa Arúgbó lónìí."

Wọ́n wò mí tìfẹ́tìfẹ́. "Arúgbó wo nìyẹn?"

Màmá gbé ojú kúrò lórí ohun tí wọ́n ń rán.

"Ìràwọ̀ yín ni, Bàbá. Èyí tí ẹ wọn ohun inú rẹ̀."

"Mo ní ìràwọ̀ kan?"

"Ẹ ní ìràwọ̀ kan, sà."

"Hẹn-ẹn!" Ẹ̀rín bo apá ojú wọn tó ṣì lè rẹ́rìn-ín. Inú wọn dùn gan-an. "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ itan. "Irin díẹ̀, Bàbá. Kábọ́nù díẹ̀. Méjì àbọ̀ péré ni."

"Ó dáa," ni Bàbá wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n tún kọjú sí ẹyẹ náà.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí má dùn wọ́n mọ́. Lónìí kò dùn wọ́n. Màmá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n sì fi orí mi mọ́ra bí èmi náà ṣe ń sunkún.